Mo ń kọ́ dombra àwọn Kàsàk láti orí fóònù, ọwọ́ ọ̀tún mi kò gbọ́ràn: ẹ gbà mí o

Tíṣà Almaty kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílùú Almaty, ní Kàsàkstán. Bàbá kan tó ń gbé lókè ilé wa ló kọ́kọ́ gbé dombra lé mi lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun èlò olókùn méjì ni. Ikùn rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n là sí méjì, ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìka lásán ni wọ́n fi ń ta á. Orin tí wọ́n ń ta lórí rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń pè ní kuy, ẹni tó ń ta á sì ni kuyshi. Bàbá náà kọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, ló bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Atyrau, lápá ìwọ̀ oòrùn, nítòsí Òkun Káspíà. Láti ìgbà náà, fóònù di olùkọ́ mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo wá fídíò "Adai", kuy kan tí Kurmangazy, àgbà kuyshi ayé àtijọ́, dá sílẹ̀, lórí YouTube, mo dín eré rẹ̀ kù sí 0.5, mo ń wo ìka. Áàpù tó ń wọn ohùn okùn wà lórí tábìlì. Tó bá ti tan iná àwọ̀ ewé, ọkàn mi balẹ̀. Ọwọ́ òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ibi tó yẹ kó tẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti dá eré rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ, ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń mi agolo tí wọ́n kó owó ẹyọ sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá pè mí lórí fídíò, mo ta á fún wọn, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n ní ohùn náà ń já, ó ń pòórá, ó tún ń yọ.

Mo fẹ́ lè ta kuy kan tó gún régé kó tó di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje. Ọjọ́ yẹn ni Ọjọ́ Dombra níbí, láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe é. Áàpù wo ni kí n lò? Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?


Bàbá Ìbejì Peckham kọ:

Àbúrò, "Adai" kẹ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ló fẹ́ lọ bá wọn sáré ẹṣin. Ẹ̀yà kan ní Mangystau, lápá ìwọ̀ oòrùn Kàsàkstán, ni Adai, àwọn tó dìde sí ìjọba Rọ́ṣíà ní 1870. Orúkọ wọn ni kuy yẹn ń jẹ́. Ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Fi í sílẹ̀ ná. Lọ wá èyí tó ń jẹ́ "Kelinshek", ìyàwó tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó kúrú, kò sì ní pá ẹ láyà.

Ogún ọdún ni mo ti fi ta jìtá kí n tó ra dombra, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèmi náà ti kọ́ ọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tó fi oṣù mẹ́fà mi ṣòfò: àtàǹpàkò ọwọ́ òsì. Nídìí jìtá, ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n kọ́ mi pé kó máa wà. Nídìí dombra, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń yọ orí láti òkè, ó ń tẹ okùn òkè, nígbà tí àwọn ìka yòókù ń ti abẹ́ bọ̀ wá tẹ okùn ìsàlẹ̀. Mi ò mọ̀, torí pé iwájú ni wọ́n ti ya gbogbo fídíò tí mò ń wò. Láti iwájú, ṣóńṣó àtàǹpàkò lásán ló ń hàn, o ò ní mọ̀ pé ó ń tẹ nǹkan kan. Wá fídíò tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí èjìká ẹni tó ń ta á. Tí o bá rí ọ̀kan péré, ó tó.


Tíṣà Almaty kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá máa ń sọ pé "bas barmaq, bas barmaq", wọ́n á sì fi ìka kan mi lórí àtàǹpàkò. Mo rò pé wọ́n ní kí n gbé e kúrò ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé e kúrò! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọmọ kan ní kíláàsì ni, ó ní àtàǹpàkò ni bas barmaq, pé ìka tó jẹ́ orí gbogbo ìka.


Màmá Alóhùn Houston kọ:

Ọmọ mi, ti pé bàbá ò gbọ́ nǹkan kan yẹn, ẹ̀bi yín kọ́. Iṣẹ́ ohùn ni mo ń ṣe, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn tó ṣe áàpù ìpè fídíò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi nǹkan kan sí tó ń ṣẹ́ ariwo: ariwo fáànù, ti jẹnẹrétọ̀, ti mọ́tò níta. Báwo ló ṣe ń mọ ariwo? Ohun tó bá ń dún láìdúró, tí kò sì jọ ohùn èèyàn, ariwo ló ń kà á sí. Dombra nìyẹn gan-an. Bí o bá ṣe ń ta okùn méjèèjì pọ̀ láìsinmi tó, bẹ́ẹ̀ ló máa gbà pé fáànù ni, á sì gé e. Ohùn tí bàbá rẹ ní ó ń já tó tún ń yọ, òun ló ń gé e tó tún ń jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lọ sínú ibi ìṣètò ohùn nínú áàpù náà, kí o pa ohun tó ń ṣẹ́ ariwo. Àwọn áàpù ìpàdé ńlá kan ní ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún olórin, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe rí. Tan ìyẹn. Gbé fóònù jìnnà díẹ̀ sí ikùn dombra, bí ìwọ̀n gígùn apá kan, kí ohùn má bàa kún jù. Fi nǹkan sétí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn tirẹ á gba spíkà bàbá padà wá bá ẹ. Má sì gbìyànjú kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ta pọ̀ lórí ìpè. Ohùn máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ara yín lẹ máa bá ara yín. Kí ọ̀kan ta, kí èkejì gbọ́, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀.

Èyí tó tún sàn ju ìpè lọ ni kí o gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí o sì fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Má fi í ránṣẹ́ bí ìgbà téèyàn ń fi ohùn jíṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn náà wà fún, ó máa ń fún ohùn pọ̀ ni. Bàbá á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n á rí ibi tí àṣìṣe wà.


Ọmọ Àyàn kọ:

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka gbogbo rẹ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ń fi iná áàpù sun ọmọ náà lójú. Nígbà tí mò ń kọ́ gángan, ta ló dín eré bàbá mi kù fún mi? Mo gbé àpò ìlù tẹ̀lé wọn lọ sóde ìnáwó, mo jókòó sẹ́yìn, mò ń gbọ́. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó ní kí n mú kọ̀ǹgọ́.

Tíṣà, da ojú fóònù yẹn délẹ̀. Fún ọjọ́ méje, má wo ìka ẹnikẹ́ni. Kuy kan ṣoṣo ni kí o máa gbọ́, nínú bọ́ọ̀sì, nílé ìdáná, títí wàá fi lè fi ẹnu dá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé dombra.

Mo sì gbọ́ pé dombra náà ń sọ̀rọ̀ bíi gángan wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìyẹn kó là mí lọ́yẹ̀.


Àbíkẹ́ Olórin kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe bíi tiwa. Gángan ń tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lára ọ̀rọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi ki èèyàn. Èdè Kàsàk kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹbí èdè Túrkì ni. Kuy kò lè pe ọ̀rọ̀ kan pàtó. Ìtàn ló ń gbé e dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà kuyshi á kọ́kọ́ sọ ìtàn tó bí kuy náà, á wá ta á, olúkúlùkù á sì máa rí i lọ́kàn bó ṣe ń lọ.

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù ni "Aksak Kulan". Kulan ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó, aksak ni èyí tó ń tiro. Wọ́n ní Jochi, ọmọ Genghis Khan, lọ ṣọdẹ, kulan pa á. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sọ fún bàbá rẹ̀, torí khan ti búra pé òun á da òjé yíyọ́ sí ọ̀fun ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá. Ni kuyshi kan bá wọlé, kò la ẹnu, ó kàn ń ta dombra. Khan gbọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹran, ó gbọ́ ẹkún, ó mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Ó ní, ta ló sọ fún mi? Kuyshi ní dombra ni. Wọ́n bá da òjé náà sí dombra láyà. Ihò kékeré tó wà láyà rẹ̀ títí dòní, ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti wá. Ìtàn ni o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń tiro nínú kuy yẹn.

Tíṣà, èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. O dárúkọ ọwọ́ ọ̀tún lákọlé, àmọ́ gbogbo ìyókù ohun tí o kọ sókè yẹn, ọwọ́ òsì lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kuy wà.

Oríṣi méjì ni títa dombra. Ti ìwọ̀ oòrùn ni tökpe, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn da nǹkan sílẹ̀ bí omi. Okùn méjèèjì ni ọwọ́ ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, lọ sísàlẹ̀, bọ̀ lókè, láìdúró. Ti Kurmangazy nìyẹn, bàbá rẹ tó wà ní Atyrau sì ń gbé láàárín àwọn tó ni ín. Ti àárín gbùngbùn àti ìlà oòrùn ni shertpe. Ìka ló ń já okùn lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ó rọ̀, ó dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Tattimbet ni àgbà wọn nídìí ìyẹn. Tí o bá kàn ń wá "dombra" lórí YouTube, wàá máa pa méjèèjì pọ̀, ọwọ́ rẹ ò ní mọ ilé tó ń gbé. Lẹ́tà tiwọn ni kí o fi wá a. Da àwọn wọ̀nyí kọ: төкпе күй, шертпе күй, домбыра үйрену. Èyí tó kẹ́yìn ni kíkọ́ dombra. Wàá rí i pé ohun tó máa jáde kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá.


Wèrèpè99 kọ:

Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Mo da төкпе күй yẹn kọ sórí YouTube, wákàtí méjì ti lọ, ìrẹsì mi ti jóná. Ọlọ́run á bi yín.


Bàbá Ìbejì Peckham kọ:

Mo gba ti Àbíkẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká ju ọwọ́ òsì nù. Èmi lo nọ́ńbà. Mo kọ 0 fún okùn tí n kò tẹ̀, 2, 5, 7 fún àwọn perne. Perne ni wọ́n ń pe àwọn ìlà tó dábùú ọrùn rẹ̀. Ìlà méjì nínú ìwé, ọ̀kan fún okùn òkè, ọ̀kan fún ti ìsàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì mo ti mọ "Kelinshek" lórí. Ẹni tó bá mọ ìwé orin lè fi MuseScore kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Kó kàn ya ohùn méjì sọ́tọ̀ lórí ìlà márùn-ún.

Má wulẹ̀ lọ náwó sórí àwọn áàpù tó ní àwọn lè gbọ́ orin kí àwọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ. Mo ti gbìyànjú méjì nínú wọn. Okùn òkè tó ń dún láìdúró ló ń kó wọn sí wàhálà: kí wọ́n tó mọ ohùn orin, ohùn yẹn ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀kan kọ jáde fún mi, bíi kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta á ni.


Àbíkẹ́ Olórin kọ:

Nọ́ńbà dáa, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń ṣe é ni pé kì í sọ ti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà kọ́ ọ máa ń tẹ ibi tó yẹ, ó sì máa ń gbá a bí ẹni gbá ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí fídíò, mo dá a dúró síbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti hàn kedere. Lórí YouTube, tí fídíò bá ti dúró, bọ́tìnnì àmì ìdánudúró kékeré (,) á gbé e padà sẹ́yìn ní àwòrán kan, ti àmì ìparí gbólóhùn (.) á gbé e síwájú ní àwòrán kan. Mo ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé, mo fa ọfà sísàlẹ̀ tí ọwọ́ bá lọ sísàlẹ̀, ọfà sókè tó bá padà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan ṣe. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: ìgbọ̀nwọ́ ẹni náà kò kúrò lójú kan. Ọrùn ọwọ́ ló ń mì, ìka ṣe pọ̀ díẹ̀ bí ìgbà téèyàn mú ẹyin dání. Èmi ń fi apá gbá a látèjìká. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè yára.

Lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ òsì kúrò pátápátá. Okùn méjèèjì lófìfo, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, áàpù tó ń ka ìlù ní 60, ìyẹn ìlù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́. Ó súni, mi ò ní purọ́. Tí ọwọ́ bá ti balẹ̀, mo sún un sí 66, sí 72. Ọjọ́ tí ọfà orí ìwé di ohun tí ọwọ́ ń ṣe láìrò ó, mo dá ọwọ́ òsì padà.


Màmá Alóhùn Houston kọ:

Àbíkẹ́, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ dídín eré kù yẹn ló kàn mí. Tíṣà, má fi sí 0.5. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fa ohùn gùn láìyí i padà, ńṣe ló ń gé e wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohùn tó gùn, bíi ti fèrè, á gbà. Ohùn tí èèyàn já lókùn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú bí abẹ, ibẹ̀ gan-an ló máa bàjẹ́, á máa dún bí ohun tó wà nínú omi. Ìwọ náà á wá máa fara wé omi. 0.75 ni kí o dúró sí. Tí ó bá yá jù fún ẹ níbẹ̀, kuy yẹn kò tíì kàn ẹ́, lọ mú èyí tó rọrùn.

Tí o bá ní Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ lòun náà. "Change Tempo" ni kí o tẹ̀ o, má tẹ "Change Speed". Ti àkọ́kọ́ ń dín eré nìkan kù. Ti èkejì á dín in kù, á tún fa ohùn walẹ̀, dombra á wá máa dún bíi ti bàbá arúgbó tó mu ọtí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ohùn ńkọ́? Dombra tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé níbẹ̀, Re ni okùn kan, Sol ni èkejì. Lórí áàpù, D3 àti G3. Wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà yẹn dáadáa, má jẹ́ kí iná àwọ̀ ewé tàn ẹ́ jẹ. Ó máa ń tan iná fún D4 pẹ̀lú, ẹni tó bá ń fa okùn lọ síbẹ̀ á já a. Lẹ́yìn ìyẹn, wo igi kékeré tó gbé okùn dúró láyà rẹ̀, tiek lorúkọ rẹ̀. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó máa ń yẹ̀. Tí ó bá ti yẹ̀, okùn lófìfo á dáa, gbogbo perne á sì ṣì. Lórí èyí tó ní perne 19, tẹ perne kejìlá: lẹ́tà kan náà pẹ̀lú okùn lófìfo ló yẹ kí áàpù kọ. Tí ó bá ga jù, tiek ti sún mọ́ ọrùn jù. Tún un gbé díẹ̀díẹ̀.

Tí o bá sì fẹ́ bá orin àtijọ́ kan lọ, wàá rí i pé kò sí lórí Re àti Sol. Kuyshi àtijọ́ kò ní áàpù, ibi tí okùn bá ti dùn mọ́ ọn létí ló ń fà á dé. Má máa tú okùn tirẹ kiri. Orin náà ni kí o yí ohùn rẹ̀ padà nínú Audacity, "Change Pitch", títí á fi bá tìrẹ mu.


Ọmọ Àyàn kọ:

Ìyáa wa, ẹ ṣé. Mo fara mọ́ ti pé 0.5 kò dáa. Ẹ rí i báyìí, ẹ̀rọ náà ní ibi tó ti ń purọ́.


Màmá Alóhùn Houston kọ:

Bàbá onígángan, ẹni tó jókòó sẹ́yìn bàbá rẹ̀ lóde ìnáwó kò mọ bó ṣe ń rí kí olùkọ́ ẹni wà ní Atyrau kéèyàn wà ní Almaty. Ìrìn ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ mélòó kan ni. Ẹ jẹ́ ká fún ọmọ náà ní ohun tó máa lò.


Ọmọ Àyàn kọ:

Mo gbà. Ẹ má bínú. Kó gbọ́ ọ fún ọjọ́ méje ná ṣá.


Àbíkẹ́ Olórin kọ:

Ẹ̀yin méjèèjì, ohun kan wà tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Àwọn kuy tökpe ní yàrá. Bas buyn ni ti àkọ́kọ́, lápá òkè ọrùn, níbi tí ohùn ti wà nílẹ̀. Orta buyn ni ti àárín. Lẹ́yìn náà ni saga, kékeré àti ńlá, nítòsí ikùn, níbi tí ohùn ti ń ké. Bó bá ti jáde lọ sí yàrá kan, ó máa ń padà sí bas buyn kó tó lọ sí òmíràn. Tí o bá gbọ́ ọ dáadáa fún ọjọ́ méje tí ẹ̀gbọ́n wí yẹn, etí rẹ nìkan á lè sọ ìgbà tó padà sílé. Gbé e sínú Audacity, níbi tí o bá ti gbọ́ pé ó padà, tẹ Ctrl pẹ̀lú B, kọ orúkọ yàrá síbẹ̀. Kuy ìṣẹ́jú méjì á di ège márùn-ún tàbí mẹ́fà, wàá sì rí i pé mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ohun kan náà. Bas buyn ni kí o fi ọ̀sẹ̀ méjì ta. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Kí n tó gbàgbé: wá Dina Nurpeisova. Wọ́n bí i ní 1861, ó kú ní 1955. Láti kékeré ló ti ń kọ́ lọ́dọ̀ Kurmangazy fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ láyé tó fi wọ inú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ariwo pọ̀ nínú àwọn orin náà, ó ń ha bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láàárín Kurmangazy àti fóònù rẹ, ẹnì kan ṣoṣo ló wà.


Tíṣà Almaty kọ:

Ẹ̀yin ará wa, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo ti fi "Adai" sílẹ̀. Ọjọ́ méje tí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn ní kí n fi gbọ́, márùn-ún ni mo ṣe, ẹ má bínú. "Kelinshek" ni mo mú, mo ti ń fẹnu dá a nínú bọ́ọ̀sì, ìyá kan tó jókòó tì mí bá mi dá a parí, ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan fún ọjọ́ mẹ́wàá, 60 títí dé 84. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ti wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sí ilé ohun èlò orin Ykylas, ilé onígi tó wà nínú ọgbà Panfilov. Ó yẹ kí n ti lọ tipẹ́. Mo ti rò pé gbogbo dombra ló rí bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, oníkùn roboto, ọlọ́rùn gígùn. Àwọn tó wá láti ìlà oòrùn, ẹ̀yìn wọn pẹlẹbẹ, wọ́n rí bí ṣọ́bìrì, ọrùn wọn kúrú, perne wọn ò pọ̀. Nígbà tí mo wo ibi tí wọ́n so perne sí lára ọ̀kan, tí mo fojú wọn ọ́n mọ́ tèmi, kò dọ́gba. Ó yé mi wàyí ìdí tí shertpe tí mò ń gbọ́ fi máa ń jọ pé ó fẹ́ ṣì díẹ̀ létí mi. Kò ṣì. Áàpù mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo pa ohun tó ń ṣẹ́ ariwo yẹn nínú ìpè fídíò, mo gbé fóònù sórí àga lápá ọ̀tún mi kí wọ́n lè rí àtàǹpàkò. Mo ta bas buyn fún bàbá. Wọn ò sọ nǹkan kan, mo rò pé ìpè ti já. Wọ́n ní kí n tún un ta. Mo tún un ta. Wọ́n ní báyìí àwọn gbọ́, pé ọwọ́ náà ti ń rọ̀, àmọ́ okùn mi ti gbó, ó ń dún bí okùn aṣọ. Wọ́n ní kí n lọ ra okùn ìpẹja.

Mo rò pé mo ṣi èdè wọn gbọ́ ni. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní nígbà àwọn baba àwọn, ìfun àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń lọ́ fi ṣe é, nísinsìnyí ọ̀rá ìpẹja ni gbogbo èèyàn ń so. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́?


Bàbá Ìbejì Peckham kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi náà, ṣọ́ọ̀bù ohun ìpẹja ni mo ti ń ra tèmi, ẹni tó ń tà á sì rò pé apẹja ni mí, ó ń bi mí lẹ́ja tí mò ń pa. Kíyè sí bó ṣe nípọn tó. Kó má tinrin ju ti àtijọ́ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ní ohùn nínú. Kó má sì nípọn jù, torí á fa tiek walẹ̀. Mú okùn àtijọ́ dání lọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Sọ iye rẹ̀ fún wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń béèrè.


Tíṣà Almaty kọ:

Ṣọ́ọ̀bù ohun ìpẹja kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó súnmọ́ wa. Lọ́la, tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá tú okùn òkè kúrò, màá gbé e lọ. Màá kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbí lálẹ́.